Sáfà Tí Kò Gbéra: Bí A Ṣe Ń Wá Àléébù Inú RAM

Ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ló kàn lójú pátákó wa lọ́sẹ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti ń béèrè ohun tó ṣe sáfà yàrá kọ̀ǹpútà wa ní tẹ́ẹ̀mù yìí, àti ohun tí a ṣe tó fi padà ṣiṣẹ́ kí àwọn SS3 tó ṣe mọ́ọ̀kì. Mo wà lára àwọn mẹ́ta tó dúró ti Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà wa nígbà iṣẹ́ náà. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́nà tí yóò fi yé ẹni tí kò tíì ṣí inú kọ̀ǹpútà wò rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á, ìbéèrè wà nísàlẹ̀.

KÍ NI SÁFÀ, KÍ NI RAM?

Sáfà ni kọ̀ǹpútà àgbà tó ń bá àwọn kọ̀ǹpútà yòókù ṣiṣẹ́. Nínú yàrá wa, ìbéèrè mọ́ọ̀kì wà nínú sáfà. Kọ̀ǹpútà tó wà níwájú rẹ kàn ń gba ìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni, ó sì ń dá ìdáhùn padà fún un. Bí kọ̀ǹpútà kan bá bàjẹ́, ẹnì kan ló máa sún lọ síbòmíràn. Bí sáfà bá bàjẹ́, gbogbo yàrá ló dúró.

RAM ni ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń lò lọ́wọ́ sí. Ẹ wo obìnrin tó ń tajà ní Odò-Orí. Ó ní ṣọ́ọ̀bù tó kó ẹrù pamọ́ sí, ó tún ní tábìlì tó ń pàtẹ sí níwájú. Tí oníbàárà bá dé, orí tábìlì ni ìyá ọlọ́jà ti ń mú nǹkan. Tílẹ̀ bá ṣú, ó máa palẹ̀ tábìlì mọ́, ẹrù inú ṣọ́ọ̀bù á sì wà níbẹ̀. Háàdì dísíìkì ni ṣọ́ọ̀bù, RAM ni tábìlì. Nígbà tí iná bá lọ, ohun tó wà nínú RAM ti pòórá nìyẹn, ti inú dísíìkì kò lọ.

Nígbà tí a bá tẹ bọ́tìnnì sáfà, ohun tó kọ́kọ́ ń ṣe ni pé ó ń yẹ ara rẹ̀ wò: iná ńkọ́, RAM ńkọ́, dísíìkì ńkọ́? Tí kò bá rí RAM tó ṣeé lò, kò ní tẹ̀ síwájú rárá, nítorí kò ní ibi tí yóò pàtẹ iṣẹ́ sí. Ìdí nìyẹn tí sáfà fi lè dákẹ́ pátápátá, kí ojú rẹ̀ dúdú, bẹ́ẹ̀ ohun tó bàjẹ́ kò ju ọ̀pá RAM kan tí kò gùn tó rúlà wa lọ.

BÍ RAM ṢE Ń RÁNTÍ NǸKAN

Nọ́ńbà méjì péré ni kọ̀ǹpútà mọ̀: 0 àti 1. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni à ń pè ní bíìtì. Nínú RAM, kápásítọ̀ kékeré kan tí ojú wa kò lè rí ló ń di bíìtì kọ̀ọ̀kan mú. Tí iná bá wà nínú rẹ̀, 1 ni, tí kò bá sí, 0 ni. Ọ̀gbẹ́ni Robert Dennard ní iléeṣẹ́ IBM, Amẹ́ríkà, ló gba ẹ̀tọ́ àṣẹ lórí ọgbọ́n yìí ní ọdún 1968. Òun náà ni a ṣì ń lò títí di òní.

Àmọ́ kápásítọ̀ yìí ń jò bí agbè tó lu. Kí omi inú agbè má bàa tán, a ní láti máa bù kún un. Bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ṣe ń ka gbogbo RAM rẹ̀ tó sì ń tún un kọ, nǹkan bí ìgbà 15 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, láì sinmi. Ọ̀pá RAM tó jẹ́ 8GB ní bíìtì 68,719,476,736 nínú. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ ńlá ni. Tí agbè kan ṣoṣo nínú gbogbo wọn bá ń jò ju bó ti yẹ lọ, 1 lè di 0 kí a tó bù kún un.

Ṣé bíìtì kan ṣoṣo wá tó nǹkan tí èèyàn ń pariwo lé? Ẹ jẹ́ ká fi máàkì ṣe é. Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń kọ 52 nìyí: 110100, ìyẹn 32 + 16 + 4. Tí bíìtì tó dúró fún 16 bá yí padà sí 0, 52 ti di 36. Ẹni tó yege ti kùnà nìyẹn. Tí ó bá jẹ́ pé bíìtì tó dúró fún 8 ló yí padà láti 0 sí 1, 52 di 60, ẹlòmíràn á máa jó láìmọ̀ pé ẹ̀rọ ló fún òun ní ẹ̀bùn.

Èyí kì í ṣe àlọ́. Ní ọdún 2003, níbi ìdìbò tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe ní Schaerbeek, orílẹ̀-èdè Belgium, olùdíje kan ní ìbò 4,096 tí ẹnikẹ́ni kò dì fún un. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n fura ni pé ìbò náà pọ̀ ju iye tó lè ṣeé ṣe lọ. Wọ́n tún un kà, wọn kò rí ibi tí ètò kọ̀ǹpútà náà ti ṣì í kọ. Àmọ́ ẹ wo nọ́ńbà yẹn dáadáa: 4,096 ni 2 tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ ní ìgbà 12. Bíìtì kan ṣoṣo tó yí láti 0 sí 1 ló ń fúnni ní irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ sì fi ẹnu kò lé lórí nìyẹn.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ LỌ́DỌ̀ WA

Àsìkò ọyẹ́ ni. Mọ́ọ̀kì ku ọjọ́ díẹ̀. Ẹ̀yin SS3 mọ bí UTME ṣe rí: ìbéèrè 180 ní wákàtí méjì, 60 nínú Gẹ̀ẹ́sì, 40 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn mẹ́ta yòókù. Ẹni tí kò fọwọ́ kan máòsì kí ọjọ́ náà tó dé, ìbẹ̀rù nìkan á jẹ lára àsìkò rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wa la ní kọ̀ǹpútà nílé. Yàrá kọ̀ǹpútà yìí ni ibi kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ ti lè fi ọwọ́ kọ́ ọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, wọ́n tan sáfà, fáànù ń yí, iná kékeré iwájú rẹ̀ pọ́n bí awọ ọsàn dípò àwọ̀ ewé, ojú rẹ̀ sì dúdú. Wọ́n pa á, wọ́n tún tan án, bákan náà ni. Ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe wá wò ó. Kò tíì ṣí i tó fi sọ pé mọ́dàbọ́ọ̀dù ti jóná, pé kí ilé-ẹ̀kọ́ lọ ra sáfà mìíràn. Iye tó dá lé e, tí wọ́n bá pín in fún àwọn òbí, owó ńlá ni, ẹ ṣáà mọ bí nǹkan ṣe rí nílùú báyìí. Pirinsípà ní kí a fún àwọn ní ọjọ́ díẹ̀ ronú. Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà wa ní, "Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò fúnra wa ná, Mà. A kì í sin òkú tí a kò tíì rí."

ÌGBÉSẸ̀ TÍ A GBÉ

1. A wo iná. Fáànù ń yí, iná kékeré ń tàn. Ìyẹn ni pé iná ń wọlé. Tí fáànù kò bá yí rárá, a kò ní bẹ̀rẹ̀ láti orí RAM, wáyà àti ibi tí iná ń gbà wọlé la máa kọ́kọ́ wò.

2. A tẹ́tí, a sì ka ìwé inú ọmọrí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà máa ń dún tàbí kí iná rẹ̀ máa ṣẹ́jú ní iye ìgbà kan láti sọ ohun tó ń ṣe é. Ohùn yìí kò dọ́gba láàárín iléeṣẹ́ kan sí èkejì, torí náà ẹ má fi ti kọ̀ǹpútà bọ̀dá yín túmọ̀ ti sáfà. Àwòrán tó wà lẹ́yìn ọmọrí sáfà wa fi hàn pé irú ìṣẹ́jú yẹn jẹ mọ́ RAM. Ó tún fi orúkọ ihò mẹ́rin tí RAM ń wọ̀ hàn: A1, A2, A3, A4. Ẹ rí i, ẹni tó sọ pé mọ́dàbọ́ọ̀dù ni kò tíì ka ìwé tó wà lára ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀.

3. A pa iná rẹ̀ pátápátá. A yọ wáyà lára ògiri, kì í ṣe bọ́tìnnì nìkan la tẹ̀. Lẹ́yìn náà a tẹ bọ́tìnnì tó ń tan án mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 15 kí iná tó kù sínú lè jáde.

4. A bọ́ ara wa lọ́wọ́ iná. Nígbà ọyẹ́, tí o bá bọ́ súwẹ́tà, wàá gbọ́ tó ń ta pàrà-pàrà lára rẹ. Iná nìyẹn. Ó kéré lójú wa, ṣùgbọ́n ó lè pa ojú RAM. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ó ní láti fi ọwọ́ kan irin àpótí sáfà níbi tí kò ní ọ̀dà. Etí ọ̀pá RAM la sì ń dì mú, a kì í fọwọ́ kan àwọn eyín wúrà rẹ̀.

5. A yọ wọ́n, a nu wọ́n, a dá wọn padà. Kí a tó yọ wọ́n, a fi bébà lẹ nọ́ńbà mọ́ wọn: ọ̀pá 1 tó wà ní A1, títí dé ọ̀pá 4 tó wà ní A4. Ẹ má fojú kékeré wo bébà yìí. Tí ẹ kò bá ṣe é, ọ̀pá mẹ́rin tó jọra bí ìbejì méjì ni ẹ máa tẹ́ sórí tábìlì láìmọ èyí tó ti ibo wá. Eruku pupa kún inú sáfà. A fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a jáde, a sì fi rọ́bà funfun tí a fi ń pa lẹ́ẹ̀dì rẹ́ nu eyín wọn jẹ́jẹ́. A dá wọn padà, a tẹ̀ wọ́n wọlé títí ìdè ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fi dún "kọ́". Nígbà mìíràn ibi tí wàhálà ti ń tán nìyí, torí ọ̀pá tó yẹ̀ díẹ̀ lójú ihò rẹ̀ tó láti dá sáfà dúró. Ti wa kò tán síbẹ̀. A tan án, ojú rẹ̀ tún dúdú.

6. A dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ìṣírò wà nìyí. A yọ gbogbo wọn, a fi ẹyọ kan sí A1, a tan án, a kọ èsì sílẹ̀:

Ọ̀pá 1 ní A1: kò gbéra.
Ọ̀pá 2 ní A1: ó gbéra.
Ọ̀pá 3 ní A1: ó gbéra.
Ọ̀pá 4 ní A1: ó gbéra.

Kí ni èyí kọ́ wa? Ihò A1 dára, nítorí ọ̀pá mẹ́ta ti ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ọ̀pá 1 la wá mú. Àmọ́ Ọ̀gá ní kí a má tíì yọ̀, kí a gbé ọ̀pá 1 lọ sí ihò mìíràn wò. A fi ọ̀pá 2 sí A1, a fi ọ̀pá 1 sí A2. Sáfà gbéra, ó sì kọ ọ́ sójú pé RAM tó wà ní A2 kò dára, òun ti pa á tì. Ẹ gbọ́ o: nígbà tí ọ̀pá 1 wà ní A1, ibẹ̀ ni àìsàn wà. Nígbà tó kó lọ sí A2, àìsàn bá a lọ. Ọ̀pá ló ń ṣàìsàn, kì í ṣe ihò. Tó bá jẹ́ pé gbogbo ọ̀pá ló ń kùnà ní A1 tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ níbòmíràn, nígbà náà ni a lè bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí mọ́dàbọ́ọ̀dù.

Nǹkan kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá pààrọ̀ ọ̀pá àti ihò àti wáyà pa pọ̀ tí sáfà sì gbéra, kò ní mọ èyí tó wò ó sàn.

GBÍGBÉRA KÌ Í ṢE ÌLERA

Lọ́jọ́bọ̀, sáfà ti gbéra pẹ̀lú ọ̀pá mẹ́ta, ìyẹn 24GB. Inú gbogbo wa dùn. Pirinsípà fẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò lọ́jọ́ kejì gan-an, kò sì sẹ́ni tó lè bá wọn wí, torí ọjọ́ ti lọ. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà ní ohun kan kù tí a kò tíì kà, ìyẹn ìwé àkọsílẹ̀ tí sáfà ń kọ fúnra rẹ̀.

Sáfà yàtọ̀ sí kọ̀ǹpútà ilé ní ọ̀nà kan tó yẹ ká mọ̀. RAM tirẹ̀ lè tún àṣìṣe ara rẹ̀ ṣe. ECC ni wọ́n ń pè é. Fún bíìtì 64 tí a bá kọ, ó máa ń fi bíìtì 8 mìíràn ṣe ẹlẹ́rìí, gbogbo rẹ̀ á jẹ́ 72. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè rí ike dúdú kéékèèké 8 lójú ọ̀pá RAM kọ̀ǹpútà ilé, àmọ́ 9 lójú ti sáfà, yàtọ̀ sí ẹyọ tó máa ń dá wà láàárín.

Báwo ni ẹlẹ́rìí ṣe ń mọ ẹni tó purọ́? Ọ̀gbẹ́ni Richard Hamming ló gbé ọ̀nà náà jáde ní ọdún 1950, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà. Ọ̀nà tirẹ̀ jinlẹ̀ ju èyí lọ, ṣùgbọ́n àpótí yìí á jẹ́ kí ó yé wa. Ẹ wò ó:

1 0 1 | 0
0 1 0 | 1
1 1 1 | 1
– – –
0 0 0

Àwọn mẹ́sàn-án tó wà lókè lápá òsì ni ọ̀rọ̀ wa. Àwọn tó wà lẹ́yìn ìlà ni ẹlẹ́rìí. Òfin wọn ni pé iye 1 tó wà ní ìlà kọ̀ọ̀kan, tìró àti tìbú, pẹ̀lú ẹlẹ́rìí rẹ̀, gbọ́dọ̀ jẹ́ nọ́ńbà tí a lè pín sí méjì: 0, 2, tàbí 4. Ẹ yí 1 tó wà láàárín gbùngbùn padà sí 0. Ìlà kejì tìbú á pariwo pé 1 tòun ti ku ẹyọ kan. Ìlà kejì tìró náà á pariwo. Ibi tí ìlà méjèèjì ti pàdé ni ọ̀daràn wà. Ẹ yí i padà, ó ti tán.

Ṣùgbọ́n ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. ECC tó wọ́pọ̀ lè tún bíìtì kan ṣe. Tí méjì bá bàjẹ́ nínú 72 kan náà, ó lè mọ̀ pé àṣìṣe wà, kò lè tún un ṣe. Ohun tí sáfà sábà máa ń ṣe nígbà náà ni pé ó dá iṣẹ́ dúró pátápátá kó má bàa fi irọ́ ṣiṣẹ́. Ẹ fojú inú wo ìyẹn nígbà tí àwọn SS3 wà ní ìbéèrè 120.

Nígbà tí a ṣí àkọsílẹ̀ yẹn, a rí i pé láti oṣù kan sẹ́yìn ni sáfà ti ń kọ ọ́ léraléra pé òun tún àṣìṣe RAM ṣe ní A1. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Sáfà ti ń ké, kò sẹ́ni tó ń ka ìwé rẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe A1 nìkan. A3 náà wà níbẹ̀, kò pọ̀ tó ti A1, ṣùgbọ́n ó ń pọ̀ sí i. Ọ̀pá 3 ló wà ní A3 nígbà yẹn, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó gbéra tí inú wa ń dùn sí.

7. A fi ètò ìdánwò RAM yẹ̀ wọ́n wò. Ọ̀fẹ́ ni ètò tí wọ́n ń pè ní Memtest86+, orí fílàṣì la ti ń tan án. Ẹ mọ̀ pé ìlú odídẹrẹ́ ni wọ́n ń pe Ìwó wa yìí. Iṣẹ́ odídẹrẹ́ gan-an ni ètò náà ń fi RAM ṣe: yóò sọ ọ̀rọ̀ kan sí i létí, yóò ní kó tún un sọ. Ó máa kọ 0 sí gbogbo inú rẹ̀, á kà á padà. Ó máa kọ 1, á kà á padà. Ó máa dà wọ́n pọ̀ lóríṣiríṣi. Ibi tí odídẹrẹ́ bá ti ṣì í sọ, ó mú un.

Ó ń gba wákàtí púpọ̀. Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, NEPA mú iná lọ kó tó parí, a sì ní láti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Pirinsípà gbà kí a lo ínfátà ọ́fíìsì wọn. A fi ọ̀pá 3 nìkan sí A1. Ètò náà kò rí àṣìṣe kankan, torí ECC ń tún un ṣe kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a padà sí àkọsílẹ̀ sáfà, ìlà tuntun ti wọlé: àṣìṣe tí a tún ṣe, ihò A1. Ọ̀pá 3 ti kó àìsàn rẹ̀ wá láti A3. Lẹ́yìn náà a fi ọ̀pá 2 àti ọ̀pá 4 sí i, a tún dán wọn wò fún wákàtí mẹ́fà. Àkọsílẹ̀ mọ́ tónítóní.

ÀRÍYÀNJIYÀN KAN

Ọ̀kan nínú wa béèrè pé, "Ọ̀gá, tí ECC bá ń tún ti ọ̀pá 3 ṣe, kí ló dé tí a ò fi sílẹ̀ kí mọ́ọ̀kì parí?" Ìbéèrè dáadáa ni. Ní ọdún 2009, àwọn onímọ̀ Google àti Yunifásítì Toronto gbé ìwádìí jáde lórí RAM inú àwọn sáfà Google. Wọ́n rí i pé láàárín ọdún kan, ó ju 8 nínú 100 ọ̀pá RAM lọ tó ní àṣìṣe tí ECC tún ṣe. Wọ́n sì rí i pé ọ̀pá tó bá ti ní irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, òun ló ṣeé ṣe jù kó tún ní i, títí kan irú èyí tí kò ṣeé tún ṣe. Ìyẹn ni pé ọ̀pá 3 ń fi ọ̀nà ilé ọ̀pá 1 hàn wá.

Ohun tí Ọ̀gá wá sọ fún Pirinsípà ni pé 16GB tó kù á tó, nítorí ìbéèrè mọ́ọ̀kì kò ju ọ̀rọ̀ àti àwòrán díẹ̀ lọ. Bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Pirinsípà gbà, wọ́n sún mọ́ọ̀kì láti Ọjọ́ Ẹtì sí Ọjọ́ Ajé. Mo mọ̀ pé àwọn kan kùn nígbà náà. Ìdí tó fi sún nìyẹn.

Ẹ má sì rò pé àwa nìkan là ń ṣọ́ra. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ọ̀gá àgbà JAMB, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, bọ́ síta, wọ́n sunkún níwájú àwọn oníròyìn, wọ́n sì tọrọ àforíjì. Àwọn sáfà kan tó ń ṣiṣẹ́ fún Èkó àti ìlà oòrùn gúúsù kò gba àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí ètò ìdánwò. Ibùdó ìdánwò 157 ló kàn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 379,997 ni wọ́n sì ní kí wọ́n tún ìdánwò ṣe. Ọ̀rọ̀ RAM kọ́ ni tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kan náà ni: sáfà tó gbéra lè wà láìpé, ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ló sì máa jìyà rẹ̀ láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

BÍ ẸNÌ KAN BÁ FẸ́ RA RAM

Ilé-ẹ̀kọ́ kò ra sáfà tuntun mọ́. Ọ̀pá RAM méjì la fẹ́ kí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ bá wa rà. Kí wọ́n má bàa ta èyí tí kò bá tiwa mu fún wa, ohun tí a ó wò nìyí.

Àkọ́kọ́, DDR3 tàbí DDR4? DDR3 ní eyín 240, DDR4 ní 288. Gígé tó wà láàárín eyín wọn kò sí lójú kan náà, nítorí náà tí kò bá wọlé, ẹ má fi agbára tì í.

Èkejì, ẹ ka lẹ́tà tó wà lẹ́yìn nọ́ńbà ìyára lójú bébà rẹ̀, bí àpẹẹrẹ PC4-2400T-R. R ni irú èyí tí ọ̀pọ̀ sáfà ń lò, U ni ti kọ̀ǹpútà ilé, E náà ní ECC ṣùgbọ́n kì í ṣe R. Tí ẹ bá da R pọ̀ mọ́ U tàbí E nínú sáfà kan, kò ní gbéra, kódà bí gbogbo wọn bá jẹ́ tuntun.

Ẹ̀kẹta, ẹ gba ọ̀rọ̀ pé ẹ lè dá a padà, kí ẹ sì dán an wò mọ́júmọ́ kí ọjọ́ tí wọ́n dá fún un tó pé.

IBI TÍ Ọ̀RỌ̀ DÉ BÁYÌÍ

Àwọn SS3 ṣe mọ́ọ̀kì wọn lọ́jọ́ Ajé, Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú. Sáfà kò dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Ẹtì lẹ́yìn kíláàsì ni ẹnì kan nínú wa ń ka àkọsílẹ̀ rẹ̀, a sì ń kọ ọ́ sínú ìwé kan tó wà lórí tábìlì Ọ̀gá. Tí ìlà kan bá wọlé, a ó mọ̀ kí ó tó di ariwo. Ẹni tó bá fẹ́ dara pọ̀ mọ́ wa, yálà JSS tàbí SS, ọkùnrin tàbí obìnrin, kó wá rí Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà. Kò sí owó tí a ń gbà, ìwọ ṣáà fọwọ́ rẹ kan irin kí o tó fọwọ́ kan RAM.

ÌDÁNRAWÒ

(a) Sáfà kan ní ọ̀pá méjì. Ọ̀pá X ní A1 kò gbéra, ọ̀pá Y ní A1 kò gbéra. Ṣé a lè sọ pé ọ̀pá méjèèjì ló bàjẹ́? Kí ni ìgbésẹ̀ tó kàn?

(b) Máàkì 45 ni 101101. Tí bíìtì tó dúró fún 32 bá di 0, máàkì mélòó ló kù?

(d) Nínú àpótí ẹlẹ́rìí òkè yẹn, yí 0 tó wà ní ìlà kìíní, ààyè kejì, padà sí 1. Ìlà wo àti wo ló máa pariwo?

(e) Yí bíìtì méjì padà nínú ìlà tìbú kan náà. Ṣé ìlà yẹn ṣì máa pariwo? Ṣàlàyé ohun tí èyí kọ́ wa nípa ọ̀pá 3.

Ẹ fi ìdáhùn yín sínú àpótí Press Club lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì àwọn olùkọ́ kó tó di ọjọ́ Ẹtì. A ó lẹ èyí tó bá gbà á síbí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.